Àdúrà Ìrọ̀lẹ́ Nílé Fuatino

Láti àárọ̀ ni ara Fuatino kò ti balẹ̀. Ó gbá iwájú ilé, ó tún un gbá. Ó ká ẹní tó wà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì tẹ́ ẹ padà síbi tó ti ká a. Ìyá rẹ̀, Màmá Sivai, jókòó ti òpó ilé, ó ń hun ẹní tuntun, ó ń fojú bá a lọ, ó ń fojú bá a bọ̀, títí ó fi sú u.

"Fuatino, fi gbígbá sílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ò ṣẹ̀ ọ́."

"Àlejò ń bọ̀, Màmá. Ṣé kí wọ́n bá ilé wa ní jákujàku ni?"

"Àlejò wo? Àwọn tó fẹ́ lé wa nílùú lò ń pè lálejò."

Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ.

Ẹnu ló kó bá wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Pásítọ̀ Elisaia gun àga ìwàásù ní Vaiolo, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á sí abúlé náà. Ó ní Díákónì Vaelei ni Ọlọ́run yàn láti lọ ṣojú agbègbè wọn nílé aṣòfin. Ó ní ẹni tó bá dìbò fún lọ́yà obìnrin tó ti Apia, olú ìlú, wá bá a du ipò náà, kí onítọ̀hún mọ̀ pé wọ́n ti ń pa orúkọ òun rẹ́ kúrò nínú ìwé ìyè. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín kì í wọ́n wọn ní Vaiolo. Bí Pásítọ̀ bá kéde pé táyà ọkọ̀ òun ti bẹ́, wọ́n á ṣe àmín sí i.

Ìgbìmọ̀ àwọn olóyè wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n ní ẹnu kan ni Vaiolo ní, lọ́yà yẹn kò gbọdọ̀ wá polongo níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní gbangba. Fuatino wà nínú ìpàdé náà. Olóyè agbẹnusọ ni òun náà, oyè tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni, iṣẹ́ oyè náà kò sì ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ó gbé ọ̀pá oyè rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Bó ti délé ló gbé fóònù, ó pe ètò kan lórí rédíò ní Apia, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń tú ohun tó wà nínú wọn jáde. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ oyè rẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀ ni Pásítọ̀ wa, òun kọ́ ni àjọ elétò ìdìbò. Ọlọ́run ò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè wa." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà rẹ́rìn-ín débi pé orin ló sáré fi sí i.

Gbogbo erékùṣù Savai'i tí Vaiolo wà lórí rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, ìgbìmọ̀ ti dá ẹjọ́. Kó tó di àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbò, Fuatino yóò kúnlẹ̀ fún Pásítọ̀, yóò sọ pé irọ́ ni òun pa, yóò sì pe rédíò padà láti tún un sọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ yóò kó ẹrù wọn kúrò ní Vaiolo kí ilẹ̀ ọjọ́ ìbò tó mọ́.

Ibi tí ẹjọ́ náà ti dùn wọ́n jù wà níwájú ilé gan-an. Ibojì bàbá Fuatino ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, Màmá Sivai sì máa ń sá ẹní sórí rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń ròyìn gbẹ̀rẹ̀fútù tó já sílẹ̀ fún un, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àti ẹni tó ń díbọ́n pé ara òun kò yá. Ilé, èèyàn lè kọ́ òmíràn. Ta ni yóò gbé ibojì?

"Kúnlẹ̀ fún un, ọmọ mi," ni Màmá ti ń sọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. "Kí ni kíkúnlẹ̀ máa gé lára ẹ?"

"Kíkúnlẹ̀ ò ṣòro, Màmá. Kí n wá sọ pé irọ́ ni mo pa ló ṣòro."

Ẹ̀rù ń bà á. Síbẹ̀, nǹkan kan ń hó nínú àyà rẹ̀ bí omi orí iná. Láti ìgbà tó ti ju ọ̀rọ̀ yẹn sórí rédíò ni ara rẹ̀ ti fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ máa jó fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ mì fún ìgbà pípẹ́ rí, ẹ ó mọ bó ṣe ń rí nígbà tó bá jáde tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí, tó tún gbé kókó mímu kaná fún àwọn tó ń bọ̀ wá lé e.

Oòrùn ṣì wà lókè òkun nígbà tí wọ́n dé. Bàbá Pulou, olórí àwọn olóyè, ló ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Pásítọ̀ Elisaia tẹ̀ lé e nínú aṣọ funfun, Bíbélì wà lábíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti tán lánàá. Díákónì Vaelei ló kẹ́yìn, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn, ó ń kí tọ̀tún tòsì bí ẹni tó ti wọlé ìbò. Sefo, tó ń fun fèrè ìkarahun fún abúlé, kò bá wọn wọlé. Ó gbé ikùn rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù.

Nílé tó jẹ́ òpó àti òrùlé, tí kò ní ògiri, gbogbo ìlú ló ń báni ṣèpàdé. Lójijì ni iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń ṣa òkúta láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Àwọn obìnrin kan kóra jọ, wọ́n ń wá adìyẹ kan ṣoṣo, ojú kan náà ni wọ́n sì dúró sí tí wọ́n ń wá a.

Àwọn àlejò jókòó, oníkálùkù fẹ̀yìn ti òpó tirẹ̀. Bàbá Pulou sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Fuatino, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Má jẹ́ kó pẹ́. Bẹ Pásítọ̀, ká lọ jẹun."

Fuatino gbé ọ̀pá bàbá rẹ̀ dúró níwájú ara rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Pásítọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ ní kí n mú irọ́ tí mo pa wá. Mo ti tú gbogbo ilé láti àárọ̀, mi ò rí i."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó ń wá adìyẹ.

"Ẹ ò gbọ́ ọ?" ni Vaelei wí. "Ẹnu ẹ ti gùn jù láti kékeré, Fuatino."

"Ẹnu gígùn yìí náà ló máa ń bá ọ bẹ tíṣà, Vaelei, nígbà tí o ò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá."

"Díákónì ni kí o máa pè mí."

"Ó dáa. Díákónì tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá."

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ mi, mi ò wá jà. Ohun tí o sọ yẹn dójú ti ìjọ. Àwọn pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi ń pè mí láti Apia, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti di alága ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo ń gba ìpè, mo ń tẹrí ba."

"Pásítọ̀, mi ò ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Bí Vaelei bá wù yín, ẹ dìbò fún un, kí ẹ sì wí. Ká ní Elisaia ló sọ ọ́, mo lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gun àga ìwàásù, ẹ sọ ọ́ bíi pé Ọlọ́run ló sọ ọ́. Ta ni kí n wá bá jiyàn?"

"Òótọ́ nìyẹn," ni ẹnì kan wí lójú ọ̀nà.

Inú Fuatino lọ sókè. Àwọn èèyàn ti fi òkúta sílẹ̀, wọ́n ti gbàgbé adìyẹ, wọ́n ń sún mọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà lọ́nà etí òkun náà ti ń rọ́ bọ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ẹlòmíràn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ jókòó." Vaelei ń wo orí tó ń mì bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, orí tó yẹ kó lọ dìbò fún un lọ́la, òógùn sì bò ó. Ó dìde díẹ̀ lórí eékún rẹ̀, ó na ọrùn síta.

"Sefo, fun fèrè."

"Díákónì, oòrùn ṣì wà lókè."

"Mo ní kí o fun ún. Kí o sì fun ìkejì mọ́ ọn, kí gbogbo èèyàn lè panu mọ́."

Ní Vaiolo, fèrè àkọ́kọ́ ní kí oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Ìkejì ní kí ẹsẹ̀ dúró. Àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibi tó bá bá ọ ni wàá jókòó sí, ó sì di ìgbà tí ìkẹta bá dún kí o tó gbéra. Àárín àkọ́kọ́ àti ìkejì máa ń gùn tó kéèyàn rìn délé kó sì fọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti kán Vaelei. Sefo fun àkọ́kọ́, ó fa èémí, ó fun ìkejì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń ṣọ́ ọ̀nà lásìkò àdúrà sì kọ́wọ́ pọ̀ dúró sáàyè wọn.

Kò sẹ́ni tó ráyè lọ síbì kankan. Gbogbo èrò wálẹ̀ gbì sórí koríko, yíká yíká ilé Fuatino. Vaelei tó fẹ́ jáde kò lè jáde, eékún rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú kí ìgbìmọ̀ sọ ìtanràn ẹni tó bá da àdúrà ìrọ̀lẹ́ rú di abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá pẹ̀lú páálí ẹja inú agolo, òun náà ló sì lọ gbà á lọ́wọ́ opó kan tó sáré lé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sọdá ọ̀nà. Opó ọ̀hún wà níwájú báyìí, ó rọra ká ẹsẹ̀ kò, ó ń wò ó. Vaelei jókòó.

Fuatino wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gé ètè rẹ̀ jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Sivai ló dá orin. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ló kọ́kọ́ jáde, kí àwọn obìnrin tó gbà á, kí àwọn ọkùnrin tó gbé tiwọn sísàlẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀ fi ń dún. Gbogbo wọn ló mọ orin náà láti inú oyún, Vaelei pàápàá sì ní ohùn dídùn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí orin parí, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Pásítọ̀ wà níbí. Ẹ jẹ́ kí Pásítọ̀ gbàdúrà fún wa."

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Bàbá Pulou. Bàbá Pulou fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Onílé ló ni àdúrà ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Bó bá wù wọ́n, wọ́n lè gbé e fún àlejò. Bí kò bá wù wọ́n, tiwọn ni."

Kò tíì sí ìgbà kan tí Pásítọ̀ wà nínú ilé yẹn tí wọn kò gbé àdúrà fún un. Fuatino wo ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ni ọ̀rọ̀ wà, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé obìnrin náà kò fẹ́ wàhálà. Òun ló ń hun ẹní tó dára jù fún ilé Pásítọ̀. Òun ló ń bẹ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ pé kó kúnlẹ̀. Màmá Sivai yíjú sí ibojì funfun tó wà níwájú ilé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Pásítọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Lónìí, ọmọ mi ló máa gbàdúrà."

Omi bọ́ lójú Fuatino kó tó mọ̀. Ó gbé ọ̀pá oyè sílẹ̀ lórí ẹní, ó di ojú rẹ̀. 

"Ọlọ́run wa, a dúpẹ́ fún ọjọ́ òní. O tètè mú ìrọ̀lẹ́ wá lónìí o. Oòrùn gan-an ò tíì mọ̀."

Èjìká àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí koríko. Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín síta.

"Olúwa, O gbọ́ mi lórí rédíò. Fóònù yẹn ń já, ṣùgbọ́n O gbọ́. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, fi hàn mí kí n tó sùn. Màá kúnlẹ̀ fún Pásítọ̀ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀ mí.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ fún Pásítọ̀ Elisaia. O rántí bí òun àti bàbá mi ṣe máa ń jiyàn òṣèlú nínú ilé yìí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ, tí wọ́n á máa fọwọ́ lu ẹní, tí Màmá á ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má ya òun ní ẹní. Wọn ò dìbò fún ẹnì kan náà rí. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, Pásítọ̀ ló ń fi òróró àgbọn pa á lẹ́sẹ̀. Kò bi í léèrè pé, ta lo dìbò fún. Ó sin ín síwájú ilé yìí, ó dúró lórí ibojì yẹn, ó ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìyè. A gbà á gbọ́, Olúwa. Ohun tí ìyá mi fi ń sùn lóru nìyẹn. Ṣé ìwé náà ti yí padà ni? Bó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, jọ̀ọ́, sọ fún wa, ká mọ ẹni tí a ó máa bẹ̀."

Vaelei húkọ́. Ó tún húkọ́, èyí sì le débi pé ó jọ ọ̀rọ̀. Bàbá Pulou la ojú kan, ó fi ojú kan náà wò ó. Ikọ́ náà san lójú ẹsẹ̀.

Fuatino kò dúró. Ọ̀rọ̀ ń sáré jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbóná, ó ń tẹ̀ lé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wá èyíkéyìí tì.

"Lọ́la, oníkálùkù wa máa dá wọ ibi tí wọ́n ti ń fàmì sórí ìwé. Pásítọ̀ ò ní sí níbẹ̀, olóyè ò ní sí níbẹ̀, ìyá mi ò ní sí níbẹ̀. Ìwọ nìkan la jọ máa wà níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tí mo fẹ́ fún Ọ. O ti mọ̀ ọ́n, àdúrà sì ni mò ń gbà, mi ò polongo. Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù láti la ẹnu rẹ̀ ní Vaiolo. Bí lọ́yà yẹn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ. Bí Vaelei bá fẹ́ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ, bó tilẹ̀ máa gùn. Bí ọ̀rọ̀ tèmi ò bá dára, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn. Kí wọ́n má fi ibojì bàbá mi dá mi lóhùn. Ní orúkọ Jésù."

Ó dákẹ́.  Ìjọ tó ń ṣe àmín sí táyà, kò sẹ́ni tó ṣe àmín nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé àmín yìí yàtọ̀, pé ẹni tó bá ṣe é ti bá Fuatino sọ̀rọ̀ lórí rédíò nìyẹn. Fuatino ṣì di ojú. Ó gbọ́ tí òkun ń lu òkúta, ó gbọ́ tí Sefo ń mí lábẹ́ igi, ó sì ń ronú pé àpótí wo ni kí òun kọ́kọ́ dì.

"Àmín."

Ohùn náà lọ sílẹ̀, ó sì há díẹ̀. Fuatino la ojú. Pásítọ̀ Elisaia ni, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ibojì tó wà níta. "Àmín," ó tún un ṣe, èyí sì jáde dáadáa. "Ọkùnrin yẹn bá mi jiyàn títí dé ọjọ́ tó kú. Mi ò pa orúkọ ẹ̀ rẹ́."

Ìgbà yẹn ni àmín dé. Opó tó wà níwájú ṣe tirẹ̀, àwọn tó ń wá adìyẹ ṣe tiwọn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà ṣe é láìtú ọwọ́ tí wọ́n kọ́ pọ̀. Ó ń ti ẹ̀yìn ilé wá, ó ń ti etí òkun wá, àwọn kan tilẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Sivai kò ṣe àmín kankan, nítorí ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Bàbá Pulou fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ohun tí gbogbo ìlú ti ṣe àmín sí, ìgbìmọ̀ ò lè tìtorí ẹ̀ lé èèyàn jáde. Fuatino àti ìyá ẹ̀ ń gbé Vaiolo. Ọ̀rọ̀ tán." Ó yíjú. "Àfi ti ẹnì kan tí mi ò gbọ́. Díákónì, àmín tìẹ ńkọ́?"

Gbogbo èrò yíjú sí Vaelei. Ó wo ilẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ níta pé, "Kó ṣe é, kó ṣe é," àwọn mìíràn gbà á bí orin, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ọkùnrin náà dà bí ọmọ tí tíṣà pè síwájú. Fuatino rí i, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ dákẹ́. Bí kò bá fẹ́ ṣe é, kó má ṣe é. Ẹnu tiẹ̀ ni."

Wọ́n dákẹ́. Sefo rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fun fèrè ìkẹta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbéra. Vaelei dìde, ó gbọn èérún ẹní kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó rìn dé etí ilé, ó sì yíjú padà. Gbogbo Vaiolo ń dúró kí ó sọ̀rọ̀.

"Mi ò ṣe àmín," ló wí.

"A ti gbọ́," ni Fuatino dá a lóhùn. "Padà wá jókòó. Kókó ti gbóná."